Iná Tí Mo Tàn sí Àna Mi Lójú

Títí di òní olónìí, bí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀, tí ìfófòó ọṣẹ ìfọyín bá kún ẹnu mi, ọkọ̀ ni mo máa ń rántí. Ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá bá mi níwájú dígí, tí búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi tí mo sì ń dá rẹ́rìn-ín, á mi orí, á ní, "You don reach Rumuokwuta again." Òótọ́ ló sọ. Rumuokwuta ni mo máa ń padà sí, sí àgbàlá ilé kan lẹ́bàá Ikwerre Road, níbi tí mo gbé nígbà tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, tí ìwé ẹ̀rí mi gùn ju ọgbọ́n orí mi lọ.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà ni, fóònù alágbèéká kò sì tíì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Mo ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wáṣẹ́ wá sí Port Harcourt, mo sì rí i ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páìpù fún àwọn elépo. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí, kí n máa wo páìpù tó wọlé àti èyí tó jáde. N kò fi ojú mi rí kànga epo rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sílé nígbà Kérésìmesì, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Epo ni," màá sì pa ẹnu dé, kí wọ́n lè rò pé ìyókù jẹ́ àṣírí ìjọba. Káàdì ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, ọrùn ni mo ń fi kọ́. Mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń gbé e lọ ra búrẹ́dì.

Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá ní epo ni òun ń ṣe, tí wọn ò rí jíìpù lábẹ́ rẹ̀, ojú onírọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Nítorí náà ni mo ṣe ra jíìpù kan lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń kó lọ sí Àbújá. Àgbà jíìpù ni. Ó ga débi pé mo ní láti di ilẹ̀kùn mú kí n tó lè gòkè, bí ẹni tó ń gun àjà, epo tó sì ń mu lọ́sẹ̀ kan tó ti ìdílé mẹ́ta. Kò sí ohun tó ṣe é ju ojú lọ. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ti di pupa rúsúrúsú bí eyín amusìgá, bí mo bá sì tàn wọ́n nírọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo tan nǹkan.

Ojú ọkọ̀ yìí kì bá tí ṣe mí ní nǹkankan, bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, ó sì ń kàwé ní yunifásítì tó wà ní Choba. Mo bá a pàdé níbi ìpàdé àwa Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yorùbá tó ń sọ máa ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n Pidgin rẹ̀ ń sáré, pàápàá bí inú bá ń bí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń wá ohun tí màá fi bí i nínú kí n lè gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Aṣọ́bodè afẹ̀yìntì ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi dúró ní èbúté tó ń yẹ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wò, kó tó kọ́lé sí Rumuibekwe tó sì kun ọgbà rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá parọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, bàbá náà á kàn fi ọwọ́ gbá a létí ni, á jẹ́wọ́. Òfin rẹ̀ ni pé kí ọmọ òun wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kan a pẹ́ díẹ̀ ní Choba, ìrọ̀lẹ́ sì bá wa lójú ọ̀nà. Nígbà tí a dé, bàbá ti dúró sí ẹnu géètì. Kò wo ojú mi. Ojú ọkọ̀ ló ń wò.

"Ọmọkùnrin," ó ní, "ṣé iná nìyí àbí àtùpà?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

"N ò bínú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ríran kò ní gbé ọmọ mi mọ́. Lọ tún ojú ọkọ̀ rẹ ṣe. Ọjọ́ tí ó bá dára ni kí o mú àwọn ènìyàn rẹ wá kí a mọ ara wa."

Ẹ gbọ́ o: bàbá ní kí n tún un ṣe ni. Kò ní kí n ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ gbọ́ àtúnṣe, nígbà tí ó lè ra tuntun, kí ó sì sọ ibi tí ó ti rà á? Ìyàwó ni mò ń wá, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé iná tí yóò gba ìyàwó fún mi gbọ́dọ̀ jẹ́ iná tí yóò dé ilé àna kí èmi fúnra mi tó dé.

Mo gba ọjà páàtì lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Oníṣòwò tí mo bá níbẹ̀ wo káàdì ọrùn mi, ó sì mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ó gbé iná méjì jáde láti inú páálí, ó nù wọ́n, ó ní, "Oga, this one na London. If you on am for here, person for Aba go close him window." Ọ̀rọ̀ náà pé London ló pa mí. N kò béèrè nǹkankan mọ́. Láti ọjà dé ilé, orí itan mi ni mo gbé páálí náà lé, bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ilé ìwòsàn.

Ní iwájú ilé wa ni ríwáyà kan wà, ọmọ Ikwerre, tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe lábẹ́ agboòrùn ńlá kan. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá gbé iná náà lọ bá a. Ṣùgbọ́n èmi kàwé ẹ̀rọ, mo sì ti sọ fún ọmọbìnrin náà pé ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ aṣọ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ fún wa, mo dé akoto, mo fi awò ìdáàbòbò sójú, mo jáde sí àgbàlá. Àwọn ará ilé jáde wá wòran. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga bi mí bóyá ọkọ̀ náà fẹ́ bú gbàmù ni.

Mo tú irin asẹ́ iwájú ọkọ̀ kúrò. Mo tú bóòtù tó di iná àtijọ́ mú, mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo gbé e sílẹ̀. Mo ti iná London wọ ihò, ó wọlé wẹ́rẹ́, inú mi sì dùn débi pé mo yí i ká láti wò ó ní ìgbà mẹ́ta. Ìdè kékeré méjì wà lẹ́yìn iná kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń gbé ojú rẹ̀ sókè sódò. Mo yí gbogbo wọn sókè títí wọn ò fi yí mọ́, nítorí mo rò pé iná tó bá ń wo òkè ló ń ríran jìnnà. Nígbà tí mo parí, bóòtù méjì ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti wá, n kò rí i. Mo gbà pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló fi àṣejù kún un, mo sì jù wọ́n sínú àpótí.

Ríwáyà ti dúró sí ẹnu géètì láti ìgbà yìí wá, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó wọlé, ó tẹríba wo iná náà.

"Oga, this light no be for our side o. For London na left dem dey drive. E go dey enter people eye. Bring am come my wall make I show you."

Mo ní, "Ìwọ, o ti dé London rí?" Mo sọ ọ́ ní Yorùbá kí ó má baà gbọ́, èyí tó fi ọgbọ́n mi hàn. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un ní Pidgin pé kò sí wàhálà, èmi náà kàwé.

Kò bínú. Ó fi ẹsẹ̀ ti iná àtijọ́ tó wà nílẹ̀. "And this one no spoil. Na toothpaste e need. Rub am small, e go clear."

Ọṣẹ ìfọyín! Mo rẹ́rìn-ín títí akoto fi ṣubú lórí mi. Mo bi í bóyá jíìpù mi máa ń jẹ ẹran sùn ni. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo sọ ọ́ fún gbogbo ilé iṣẹ́, àwọn náà rẹ́rìn-ín, a sì fi ọ̀rọ̀ ríwáyà jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè náà ni mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ojú rẹ̀ tuntun. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí ọ̀wọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá kejì tí kì í ṣẹ́jú iná sí mi. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Wọ́n sì kọ́ mi nílé pé ẹni tó bá kí ni, ó yẹ kí a dá a lóhùn, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ́jú iná lẹ́ẹ̀kan, èmi á tan iná ńlá fún un lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọlọ́kadà ń yà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ ìka márùn-ún sí mi, mo juwọ́ padà. Ọlọ́pàá tó wà ní ibi àyẹ̀wò gbé ọwọ́ lé iwájú orí nígbà tí mo yọ sí i. Mo rò pé ó ń bẹ́rí fún mi. Mo bẹ́rí padà, mo sì kọjá lọ láìdúró, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo gba èsì lẹ́tà tí mo kọ sílé, pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń múra àti gbéra, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó lọ mọ àna. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n lè mú un mọ́ra. Mo gba Rumuibekwe lọ nírọ̀lẹ́ láti lọ sọ fún ọmọbìnrin náà. Ní ibi tí ọ̀nà ti yí kí a tó dé ilé wọn, ọkọ̀ kékeré kan ń rọra bọ̀. Ó ṣẹ́jú iná sí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní lọ́kàn mi pé, áà, èyí mọ ẹni, mo sì tan iná ńlá fún un, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìkíni náà lè kún. Ọkọ̀ náà yà kúrò lọ́nà fún mi pátápátá. Mo juwọ́ sí i, mo kọjá.

Ẹnu géètì ni mo ti bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, kò sì yẹ kí n wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún un ní ìròyìn ayọ̀ náà. Mo tún fi kún un pé, "Ìwọ ò rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sínú koríko fún mi níbi kọ́nà yẹn."

"Which kind motor?" ó bi mí.

"Kékeré kan báyìí. Aláwọ̀ eérú."

Ó wo ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ, pé kí n gba ọ̀nà kejì, kí n sì rọra wa ọkọ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Sátidé pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ agbádá, èmi náà wọ agbádá, ìyàwó rẹ̀ gbé agbọ̀n èso dání lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀sán gangan la wọ ọgbà àna. Ààyè kò pọ̀, nítorí náà mo kọ imú jíìpù sí ògiri funfun. Mo rí ọkọ̀ kékeré kan ní igun ọgbà, tí imú rẹ̀ ti wó wọlé, tí iná rẹ̀ kan sì ti fọ́. Aláwọ̀ eérú ni. Èrò kan fẹ́ wá sọ́kàn mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kí wa káàbọ̀, mo sì ní ìdọ̀bálẹ̀ láti ṣe.

Bàbá jáde pẹ̀lú báńdéèjì níwájú orí àti ọ̀pá lọ́wọ́. A jókòó. Gẹ́gẹ́ bí onílé, òun ló gbàdúrà. Ó dúpẹ́ fún Ọlọ́run, ó tọrọ ìbùkún sórí ilé méjèèjì, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà.

"Olúwa, ẹni tó tan iná sí mi lójú lọ́sẹ̀ yìí, tó sọ mí sí gọ́tà, tí kò sì dúró: ibi tó ń lọ, kó má débẹ̀!"

"Àmín!" gbogbo wa wí.

"Ohun tó ń wá, kó má rí i!"

"Àmín!" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lu àyà rẹ̀ kí ó lè rinlẹ̀. Èmi náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó ń wá ìyàwó níwájú bàbá ìyàwó kì í rọra ṣe àmín.

Nígbà tí àdúrà parí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Àna wa, ẹ kú ewu o. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Bàbá ní ọjọ́ Túsìdeè ni, níbi kọ́nà. Ó ní ọkọ̀ kan ló gbé iná burúkú kò òun lójú. "Mo ṣẹ́jú iná sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé kó rẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Ńṣe ló tún fi kún un! N ò rí ọ̀nà mọ́. Gọ́tà ni mo bá ara mi. N ò rí ọkọ̀ náà, n ò rí ẹni tó wà á. Iná nìkan ni mo rí."

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkíni yé mi. Ọlọ́pàá yé mi. Ìka márùn-ún ọlọ́kadà yé mi. Ibi tí mò ń lọ ní ọjọ́ Túsìdeè, ilé yìí ni. Ohun tí mò ń wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó wọ aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run, ó ń wò mí. Èmi fúnra mi ni mo sì ti fi ẹnu ara mi ṣe àmín sí i lẹ́ẹ̀mejì pé kí n má rí i.

Kì í ṣe òtítọ́ ni mo kọ́kọ́ rò láti sọ. N kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí mo rò ni pé kí a jẹun kíákíá kí a sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kí n tan iná. Lọ́la màá bọ́ iná náà, màá jù ú sódò, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó gbé ọbẹ̀ ìlú ibẹ̀ kalẹ̀, ìṣáwùrú odò sì kún inú rẹ̀ tòun tìkarahun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹ irú rẹ̀ rí. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fà á mu, ó fa ọ̀kan, ojú rẹ̀ là, ó sì pinnu pé kò sí èyí tí òun yóò fi sílẹ̀. Ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà á, ó ń fi ìkarahun lélẹ̀ ní ìlà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárín. Mo ń wo oòrùn lójú fèrèsé. Oòrùn ń lọ, ìṣáwùrú kò tán.

Mo sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi létí. "Bàbá, ilẹ̀ ń ṣú o."

"Kó ṣú," ó wí sókè. "Ṣé ọkọ̀ rẹ ò níná ni? Àbí ìwọ kọ́ lo ń ròyìn iná London láti àárọ̀?"

Bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn oníná mú iná wọn. Ilé ṣókùnkùn. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀, ó kọ̀. Bàbá dìde. Ó ní, "Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo iná tí ọkọ ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀. Èmi ni mo rán an níṣẹ́, ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo gun ọkọ̀. Mo tan iná, ògiri funfun náà sì tàn bí ọ̀sán. Àwọn ènìyàn mi pariwo ayọ̀. Bàbá kò pariwo. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó fi ọ̀pá tẹ̀lé etí ìmọ́lẹ̀ náà láti ọ̀tún lọ sí òsì, níbi tó ti gòkè lọ. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun igi. Èmi gun jíìpù pàápàá, n kò rí i.

"Níbo ni iná yìí ti wá?"

"London ni, sà." Ọ̀rọ̀ náà ti gbẹ lẹ́nu mi.

"Ní London, apá ibo ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí?"

"Apá òsì, sà."

"Àwa ńkọ́?"

"Apá ọ̀tún, sà."

"Sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́ kó máa tàn. Wá dúró síbi tí mo dúró sí."

Mo lọ dúró síbẹ̀, ó ní kí n kọjú sí ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ra iná náà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ti ń wà. N kò dúró níwájú rẹ̀ rí nígbà tó ń tàn. Omi bọ́ lójú mi. N kò rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ́, n kò rí ọkọ̀, n kò rí ọmọbìnrin náà.

"Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkankan, Bàbá."

"Bó ṣe ṣe mí nìyẹn lọ́jọ́ Túsìdeè. Irú iná báyìí ni."

Ó ní irú rẹ̀. Bàbá kò fura sí mi. Jíìpù tó ní irú iná bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Port Harcourt, bí mo bá sì di ẹnu mi mú, màá bọ́ iná náà lọ́la, màá gba ìyàwó mi, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń fi sùúrù kọ́ mi ní ohun tí mo fi ṣe é léṣe, báńdéèjì tó wà lórí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká mi. N kò lè gbà á. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́, tòun tagbádá.

"Kì í ṣe irú rẹ̀, Bàbá. Òun gan-an ni. Èmi ni."

Mo gbọ́ tí ìkarahun ìṣáwùrú kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà. Áà! Àna wa, àmín tí a ṣe ńkọ́? Èmi lu àyà!"

Bàbá ní kí wọ́n bu omi tútù wá. Ó fi yọ ẹnu, ó tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Olúwa, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ibi tó ń lọ, kó débẹ̀. Ohun tó ń wá, kó rí i. Ṣùgbọ́n kò ní gbé iná yìí jáde nínú ọgbà mi."

"Àmín!" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lu àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó lè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo bọ́ agbádá, mo gba sípánà. Nígbà tí mo di irin asẹ́ mú láti tú u, gbogbo rẹ̀ já lé mi lọ́wọ́. Bàbá bi mí pé bóòtù rẹ̀ dà. Mo ní wọ́n wà nínú àpótí nílé, pé mo rò pé wọn ò wúlò. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di báńdéèjì rẹ̀ mú.

Ọmọbìnrin náà ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Nígbà tí àwọn àgbà wọlé padà, ó ní, "I don know since Tuesday. I just dey wait make you talk am yourself."

"Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó yí tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. "Ah. Then God for don answer Daddy."

Bí a ṣe padà sílé lálẹ́ yẹn, bàbá ló wà níwájú. Jíìpù mi kò ní ojú mọ́, nítorí náà ó wọ inú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tó ku iná kan, ó ní kí n máa tẹ̀lé òun. Ọkọ̀ tí mo sọ sí gọ́tà ló mú mi dé Rumuokwuta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ń tẹ̀lé iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó kí mi lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé iná àtijọ́ lọ bá ríwáyà. N kò fi káàdì kọ́rùn. Kò bi mí ní nǹkankan. Ó tẹ ọṣẹ ìfọyín sórí àkísà, ó fi ń pa ojú iná náà yíká yíká, pupa rúsúrúsú náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dè é padà mọ́ ọkọ̀, ó fi ẹfun fa ìlà sára ògiri rẹ̀, ó sì to ìmọ́lẹ̀ iná náà sí i. Kò gba ìdajì wákàtí. Ó béèrè bóòtù méjì, mo kó wọn jáde nínú àpò mi.

Bàbá ti sùn báyìí, oorun tí àgbà ń sùn. Ilé rẹ̀ ní Rumuibekwe ni a ń gbé, èmi ni mo sì ń kun ògiri funfun náà lọ́dọọdún. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá nítorí àkọ́bí wa obìnrin. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó ní, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ó gbé jíìpù ńlá kan wá, ó sì to iná funfun kan lọ gbọọrọ sórí rẹ̀ láti etí dé etí. Ó ní òun fúnra òun ló dè é mọ́ ọn, pé inú fídíò ni òun ti kọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa. Mo ní kó dìde, kó kọ imú ọkọ̀ rẹ̀ sí ògiri, kó sì tan iná náà.

Ìyàwó mi yọ orí jáde lójú fèrèsé. "Daddy! Abeg, no curse am o."

Mo sọ fún un pé n kò ní sọ nǹkankan. Mo rìn lọ síwájú ògiri, mo dúró síbi tí bàbá ìyàwó mi dúró sí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, mo sì pe ọmọkùnrin náà pé kó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.